Báyìí Là Ń Ṣe Nílé Wa

Odò Delaware nìkan ló wà láàárín Philadelphia àti Camden, afárá Benjamin Franklin ló sì so ìlú méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá wakọ̀ gorí afárá náà kò ní gbọ́ orin kan tán kó tó dé òdìkejì. Bí ìbọn ìléwọ́ bá wà lábẹ́ aṣọ onítọ̀hún, tí Pennsylvania sì ti fún un níwèé àṣẹ láti máa gbé e kiri, ẹni tó ń pa òfin mọ́ ni nígbà tó ń gun afárá. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí New Jersey, ó ti di ọ̀daràn: ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 10 ló wà nílẹ̀ fún un, òfin tí wọ́n ń pè ní Graves Act kò sì jẹ́ kó rí ìtúsílẹ̀ kó tó lo oṣù 42 ó kéré tán. Ìbọn kan náà, ẹni kan náà, wákàtí kan náà. Àwọn àgbà ní báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Mo ti ń ṣe iṣẹ́ lọ́yà lẹ́bàá odò yìí, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Ìwé ìgbélùú ni mo gbájú mọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn wa ló fà mí wọnú ẹjọ́ ìbọn: àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, àwọn onítírélà, àwọn tó ń ṣọ́ báńkì àti ilé ìtajà. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: “Ẹ̀gbọ́n, ìwé ìwakọ̀ tí mo gbà ní Pennsylvania, kò síbi tí wọn kì í gbà á ní Amẹ́ríkà. Kí ló dé tí ti ìbọn kò kọjá orí afárá?” Ìdáhùn rẹ̀ kò kúrú.

Láti ọdún 1791 ni Àtúnṣe Kejì ti wà nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà, òun ló sọ pé ẹ̀tọ́ ará ìlú ni láti ní ohun ìjà kí wọ́n sì máa gbé e. Àmọ́ ọdún 2008 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ṣẹ̀ṣẹ̀ là á mọ́lẹ̀, nínú ẹjọ́ Heller, pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ni ẹ̀tọ́ yẹn nínú ilé rẹ̀. Nígbà tó di 2010, wọ́n ní ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Wọn ò tíì sọ nǹkan kan nípa ohun téèyàn lè gbé jáde sí títì. Inú àlàfo yẹn ni àádọ́ta ìpínlẹ̀ ti ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn tó ń wò wọ́n láti òkèèrè máa ń pín wọn sí méjì, ìpínlẹ̀ tó le àti ìpínlẹ̀ tó dẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ìbéèrè tí òfin ń bi ẹni tó mú ìbọn lọ́wọ́. Àwọn kan ń béèrè ìdí: kí lo fẹ́ fi ṣe? Àwọn kan ń béèrè ibi: níbo lo gbé e dé? Lójú ayé mi nídìí iṣẹ́ yìí, Amẹ́ríkà ti ń ṣí kúrò lórí ìbéèrè àkọ́kọ́ bọ́ sórí èkejì, ẹrù tó wà léjìká ìjọba sì ti bọ́ sí ọrùn ẹni tó gbé ìbọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí. New York ló mú un le jù tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú òfin Sullivan tí wọ́n ṣe ní 1911. Kò tó kí èèyàn má tíì ṣẹ̀wọ̀n rí, kò tó kí orí rẹ̀ pé. Ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí pàtàkì tí ìbọn fi yẹ ẹ́ ju aládùúgbò rẹ̀ lọ. New Jersey, Maryland, Massachusetts, California àti Hawaii náà ní irú rẹ̀, lóríṣiríṣi orúkọ. Mo bá ọkùnrin kan kọ̀wé béèrè nígbà kan ní New Jersey. Ilé epo ló ní, owó ọjọ́ náà ló máa ń gbé lọ sí báńkì lálaalẹ́, àwọn olè sì ti dá a lọ́nà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀gá ọlọ́pàá kọ̀, adájọ́ náà kọ̀. Àlàyé wọn ni pé ewu tó ń bá gbogbo ọlọ́jà jà kì í ṣe ewu tirẹ̀ nìkan. Kó mú ẹ̀rí wá pé ẹnì kan pàtó ń lépa òun. Ọkùnrin náà wò mí, ó ní, “Lọ́yà, ṣé kí n lọ bẹ olè kó kọ lẹ́tà ni?”

Mo mọ ohun tí àwọn tó gbé òfin yẹn kalẹ̀ ń rò. Ìlú tó kún fọ́fọ́, tí èjìká ń kan èjìká nínú ọkọ̀ ojú irin, kò lè dà bí oko ní Montana. Àmọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń béèrè ìdí, ẹnì kan ni yóò jókòó láti gbọ́ ọ, ẹni yẹn sì lójú tó fi ń wo àwọ̀ ara àti owó. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, Mississippi ṣe òfin ní 1865 pé ẹrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira kò gbọdọ̀ ní ìbọn láìgba àṣẹ. Ní oṣù Kìíní 1956, wọ́n ju bọ́ǹbù sílé Martin Luther King ní Montgomery, Alabama. Ó béèrè ìwé àṣẹ láti gbé ìbọn. Wọn ò fún un. Bí ilé tí wọ́n ju bọ́ǹbù lù kò bá tó ìdí, kí ló tún kù téèyàn máa sọ? Alabama yìí kan náà ni kò béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. California pẹ̀lú, tí wọ́n ń pè ní ìpínlẹ̀ àwọn tó kórìíra ìbọn: ọdún 1967 ló fòfin de gbígbé ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ ní gbangba, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ń jẹ́ Black Panther ti ń gbé e tẹ̀lé ọlọ́pàá kiri Oakland. Ronald Reagan, gómìnà ibẹ̀ nígbà náà, ló fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ẹjọ́ Bruen ní oṣù Kẹfà 2022, tí adájọ́ mẹ́fà borí mẹ́ta, tí wọ́n ní kò sí ìpínlẹ̀ tó gbọdọ̀ máa béèrè ìdí pàtàkì mọ́, n kò bá àwọn tó ń sunkún sunkún. Oníléepo mi gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ kó tó pé ọdún kan.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló yẹ kéèyàn farabalẹ̀ wò. Láàárín bí ọjọ́ mẹ́jọ sí ìdájọ́ náà, New York ti ṣe òfin mìíràn. Ó dáa, wọn ò ní béèrè ìdí mọ́. Èèyàn yóò gba ẹ̀kọ́ wákàtí 18, yóò sì mọ àwọn ibi tí kò gbọdọ̀ gbé e dé: Times Square, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ilé ọtí, pápá ìṣeré, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. New Jersey ṣe tirẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Wọ́n ti gbé òfin méjèèjì lọ sílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ti dá àwọn kan lára ibi wọ̀nyẹn dúró, ó sì fi àwọn mìíràn sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé èmi tí mo ń fi í jẹun gan-an máa ń tún un yẹ̀ wò kí n tó dá oníbàárà lóhùn. Oníléepo tí mo wí lè gbé ìbọn rẹ̀ láti ilé epo dé báńkì. Bó bá fẹ́ yà wo ìyàwó rẹ̀ níléèwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́, ó di kó tú ọta inú rẹ̀, kó tì í mọ́ inú búùtù. Ó rántí lọ́jọ́ púpọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo téèyàn bá gbàgbé ni èmi máa ń rí owó gbà.

Ẹ jẹ́ ká sọdá sí apá kejì. Vermont kò béèrè ìwé rí láyé. Nígbà tí ìlú Rutland níbẹ̀ ṣòfin pé kéèyàn gbàṣẹ kó tó gbé ohun ìjà pamọ́ sára, ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ náà ló fagi lé e ní 1903. Títí tí ọ̀rúndún ogún fi parí, Vermont nìkan ló dá dúró bẹ́ẹ̀. Alaska tẹ̀ lé e ní 2003, Arizona ní 2010, Texas ní 2021, Florida ní 2023. Nígbà tí 2024 fi máa parí, wọ́n ti pé 29. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé àṣà àtayébáyé ni wọ́n padà sí. Àṣà ta ni? Ní Tombstone, Arizona, ní 1881, òfin ìlú ni pé kí àlejò fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó máa rìn kiri; ìjà O.K. Corral tó wáyé níbẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù títí dòní, àríyànjiyàn lórí òfin yẹn wà lára ohun tó dá a sílẹ̀. Texas fúnra rẹ̀ fòfin de gbígbé ìbọn ìléwọ́ ní 1871, kò sì tú u sílẹ̀ àfi ní 1995, nígbà tí George W. Bush jẹ́ gómìnà. Ẹni tó bá ní bàbá ńlá òun gbé ìbọn káàkiri Dallas ní 1950 láìsí wàhálà, ó yẹ ká bi í léèrè bóyá ọlọ́pàá ni bàbá ńlá náà.

Ohun tí mo rò nípa àwọn ìpínlẹ̀ yìí rèé. Wọ́n yọ ọgbà tó yí kànga ká, ṣùgbọ́n wọn ò dí kànga. Ẹ̀ṣẹ̀ ṣì wà nínú ìwé òfin. Ẹni tó máa kọ́ aráàlú ní ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún ni kò sí mọ́. Ní Texas tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbé ìbọn á jókòó sí kíláàsì fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti sọ fún un pé bó bá rí pátákó tó ní “51%” lẹ́tà pupa lẹ́nu ọ̀nà, ọtí mímu ló ń mú èyí tó pọ̀ jù wá nínú owó tí ibẹ̀ ń pa, kò sì gbọdọ̀ gbé ìbọn wọlé. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Houston bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe ẹjọ́. Wọ́n háyà ilé ọtí kan fún ọjọ́ ìbí, ó wọ agbádá, ìbọn wà ní ìbàdí rẹ̀ lábẹ́ agbádá, ó ń náwó fún olórin lọ. Níbi tó ti ń ká apá agbádá sókè ni ìbọn ti yọjú. Ó rí pátákó náà nígbà tó ń wọlé, ó ní òun rò pé ẹ̀dínwó ni. Ènìyàn lè rẹ́rìn-ín. Ẹjọ́ ọ̀daràn ni ó jẹ́ lọ́rùn rẹ̀ ṣá. Ìwé àṣẹ ṣì wà ní Texas fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, òun náà ni New Mexico máa bá a gbà bó bá fi ìbọn tó kì lọ́ta pamọ́ sábẹ́ aṣọ lọ́hùn-ún. Àmọ́ ta ni yóò lọ jókòó sí kíláàsì nígbà tí wọ́n ti sọ fún un pé kò pọn dandan?

Títà àti ríra náà rí bẹ́ẹ̀. Ní California, ọjọ́ mẹ́wàá lèèyàn máa dúró kó tó gba ìbọn tó ti sanwó rẹ̀, ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó níwèé àṣẹ náà ni aládùúgbò méjì gbọ́dọ̀ lọ kí ọ̀kan tó lè tà fún èkejì. Ní Arizona tó bá a pààlà, ará ìpínlẹ̀ kan náà lè tà fún ara wọn ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Illinois ní káàdì tèèyàn gbọ́dọ̀ gbà kó tó lè ní ìbọn tàbí ọta pàápàá, láti 1968. Ìjọba àpapọ̀ ń yẹ orúkọ wò lọ́dọ̀ oníṣòwò láti 1998, níbẹ̀ ló sì fi mọ.

Fún àwọn ènìyàn wa, ohun mìíràn tún wà lábẹ́ gbogbo èyí. Nílé, ìbọn jẹ́ ti ọdẹ àti ti ọlọ́pàá. Ṣakabùlà á wà lára ògiri, ọmọdé ò ní fọwọ́ kàn án. Ìbọn ìléwọ́ sì wà lára ohun tí òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 kà léèwọ̀, àfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ẹni tó dàgbà nínú irú ìyẹn á dé Houston, á rí ìbọn lórí àtẹ bí ẹní rí búrẹ́dì, á sì gbà pé gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá pẹ̀lú físà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ìbọn dání, yálà ní Vermont tàbí ní New York, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹnì kan tó ti United Arab Emirates wá kàwé, tí kò sí nílé ìwé mọ́, yá ìbọn nípápá ìdánrawò ní Florida, ó sì yìn ín níbẹ̀. Ẹjọ́ rẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní 2019. Ẹni tó ní green card lè rà á, ó lè gbé e, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá a lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ìbọn, èyí tó kéré pàápàá, wọ́n lè lé e padà sílé. Mo ti dúró ti ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan nínú irú rẹ̀. Adájọ́ ìpínlẹ̀ fún un ní ìkìlọ̀ lásán pẹ̀lú owó ìtanràn, ó dúpẹ́, ó fò sókè. Adájọ́ ìgbélùú ló wá ka ìwé kan náà tó sì ní òfin ò fún òun láyè.

Ìtìjú ni fún orílẹ̀-èdè ńlá bí èyí pé ẹni tó ṣòótọ́ ló máa ń kó sí wàhálà jù. Ní 2013, ìyá kan láti Philadelphia tó ní ìwé àṣẹ Pennsylvania wakọ̀ wọ New Jersey. Ọlọ́pàá dá a dúró fún ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ìbọn wà lọ́dọ̀ òun, ó sì mú ìwé rẹ̀ jáde. Wọ́n mú un. Títí di 2015 tí Gómìnà Chris Christie fi foríjì í, gbogbo lọ́yà agbègbè wa ló ń tẹ̀ lé ẹjọ́ náà. Ọ̀kan tún wà, arìnrìn-àjò kan láti Utah tó ti ìbọn rẹ̀ mọ́ inú àpótí gẹ́gẹ́ bí òfin àpapọ̀ ti 1986 ṣe wí, èyí tó ń dáàbò bo ẹni tó bá kàn ń kọjá lọ. Ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ já a kulẹ̀ ní Newark, wọ́n gbé ẹrù rẹ̀ fún un, ó sun òtẹ́ẹ̀lì. Ní àárọ̀ ó padà sí pápákọ̀, ó sọ pé ìbọn wà nínú ẹrù òun, wọ́n sì fi í sátìmọ́lé. Nígbà tó pe ìjọba lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ ní 2010 pé nígbà tí ẹrù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, òfin 1986 kò bò ó mọ́.

Ilé Aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí àbá kan ní oṣù Kejìlá 2017 pé kí ìpínlẹ̀ gbogbo máa gba ìwé àṣẹ ara wọn. Kò kọjá ní Sẹ́nétì. Èmi ò bá wọn fẹ́ ẹ bó ṣe rí. New Jersey lẹ́tọ̀ọ́ láti má fọkàn tán ìwé tí ibòmíràn fúnni láìkọ́ni ní nǹkan kan. Àmọ́ oṣù 42 fún ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ sọ òótọ́, ìyẹn kì í ṣe ìdájọ́. Kí wọ́n gba ìbọn náà, kí wọ́n bu owó ìtanràn lé e, kó máa lọ.

Ṣé kéèyàn tilẹ̀ máa sọ ọ́ fún ọlọ́pàá? Ní Michigan àti Alaska, dandan ni kéèyàn sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, a kì í sọ ọ́ àyàfi bí wọ́n bá béèrè. Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ náà ti tán. Ní oṣù Keje 2016, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Falcon Heights, Minnesota, tó ní ìwé àṣẹ, sọ fún ọlọ́pàá pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ìbọn wà lára òun. Ọlọ́pàá náà yìnbọn pa á nínú ọkọ̀, lójú ọmọdé tó wà lẹ́yìn; ilé ẹjọ́ sì dá ọlọ́pàá náà sílẹ̀ lọ́dún kejì. Láti ìgbà yẹn, nígbà tí àwọn ọmọ wa bá bi mí, mo máa ń sọ ohun tí òfin wí, n óò wá dákẹ́ díẹ̀ kí n tó sọ ìyókù. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni í jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Àwọn ọlọ́pàá pẹ̀lú mọ òwe yẹn lédè tiwọn. Ọwọ́ méjèèjì lórí síárín, iná inú ọkọ̀ títàn, ohùn jẹ́jẹ́: kì í ṣe ohun tí òfin wí ni mo ń sọ níhìn-ín, síbẹ̀ òun ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan pè mí láìpẹ́ yìí láti Atlanta. Iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́ nítòsí Newark, ó fẹ́ mọ ohun tóun máa fi ìbọn òun ṣe. Mo ní New Jersey fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé ní ọjọ́ 60 láti béèrè káàdì tí wọ́n fi ń ra ìbọn níbẹ̀, kó sì forúkọ ìbọn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, lójú ọ̀nà ńkọ́, bí oorun bá kun òun ní Maryland? Mo sọ ìtàn ará Utah fún un. Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó ní òun ti gbọ́, ó sì tà á fún oníṣòwò kan ní Georgia kó tó gbéra. Ó ti dé báyìí, ó ti ń kọ̀wé béèrè káàdì, ìwé náà sì ń béèrè orúkọ ènìyàn méjì tó lè jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Wọ́n ní wọn ò béèrè ìdí mọ́, àmọ́ wọ́n ṣì ń béèrè ta ni ọ́. Ó ní kí n jẹ́ ọ̀kan. Mo ní orí fóònù nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n, kó wá ẹni tó ti bá a gbé.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “ọ̀sẹ̀ kẹta mi nìyí. Ta ló mọ̀ mí níbí?”

Mo ní kó wá kí ìyàwó mi lọ́jọ́ Àìkú, kó máa bọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ká máa mọra wa. Bó bá di oṣù díẹ̀ sí i, kó tún gbé ìwé náà wá.